Wọ́n ní bàbá ní sífílíìsì: ẹ má tíì tú ilé ká o!

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí àwọn ọmọdé lọ ṣeré níta ná.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì. Ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́, bó bá ń rìn, àfi bíi pé ó ti mu ẹmu yó. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wálé, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n gún bàbá lọ́mọ ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí pélébé kan, ìlà méjì yọ. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé "VDRL: Positive". Wọ́n ní sífílíìsì ni. Ha! Ìyá ilé gbọ́, ó fárí gá, ó ní kí bàbá dárúkọ obìnrin tó ti kó o. Bàbá ń búra, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ má tíì kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta. Ìwé yẹn lè máa sọ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kà níbẹ̀ ló ń sọ.

Sífílíìsì kì í ṣe àtọ̀sí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń kó méjèèjì pọ̀. Egbò kékeré kan tí kì í dunni ló fi ń bẹ̀rẹ̀, egbò náà á jinná fúnra ẹ̀, ara lè sú lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn náà á lọ, ẹni tó ni ín á sì rò pé ó ti tán. Kò tán. Ó lè sùn sínú ara fún ọdún mẹ́wàá, ogún, àní ọgbọ̀n ọdún. Bó bá wá jí, ọpọlọ, ojú, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló máa ń bá jà. Nínú àwọn tí kò gba ìtọ́jú, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń bá a débẹ̀.

Ọdún 1906 ni August von Wassermann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un jáde ní Jámánì. VDRL tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ọmọ-ọmọ àyẹ̀wò yẹn ni, 1946 lòun dé, l'Amẹ́ríkà. Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é? Ọ̀rá inú ọkàn màlúù ni! Kì í ṣe kòkòrò gan-an ló ń wá, ohun tí ara ń pèsè nígbà tí kòkòrò bá ń ba inú jẹ́ ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, oyún, tàbí ọjọ́ ogbó lásán fi lè mú kó pariwo olè níbi tí olè ò sí.

Òdìkejì rẹ̀ ló wá burú jù. Nígbà tí àìsàn ṣì tutù, tí ara sú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó lè bọ́ mọ́ VDRL lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tó ń wá yẹn a máa dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, kódà bí aláìsàn ò lo oògùn kankan. Tó bá ti dọjọ́ alẹ́ àìsàn náà, nínú 100 èèyàn tó ní i, nǹkan bí 70 ló máa mú. Àwọn yòókù á gba ilé lọ pẹ̀lú ìwé tó ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, ojú wọn á sì máa fọ́ lọ.

Àyẹ̀wò kejì wà, TPHA lorúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹn ń wá àwọn sójà tí ara dìídì kọ́ láti bá kòkòrò yẹn jà. Kódà ní ìparí àìsàn, ó ń mú ju 90 lọ nínú 100. Àléébù tiẹ̀ ni pé kì í gbàgbé! Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lọ́dún 1985, tó ti san pátápátá, ó lè máa sọ "positive" fún un títí wọ́n á fi sin ín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pélébé tí wọ́n ń lò lónìí, irú kejì yìí ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ VDRL sórí ìwé. Ìkọkúkọ nìyẹn, ó sì ti yẹ kí wọ́n jáwọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ bàbá Ìsinbọ̀dé ti wọlé. Ẹ bi í bóyá egbò bò ó nígbà tó wà lọ́mọdé. Àìsàn kan wà tí òyìnbó ń pè ní yaws, ọmọ ìyá ni kòkòrò rẹ̀ àti ti sífílíìsì, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú obìnrin. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré, tí ara kan ara, ó ti ràn nìyẹn. Láàárín 1952 sí 1964, àjọ WHO àti UNICEF gbé pẹnisílíìnì káàkiri orílẹ̀-èdè 46, Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ sì tó 50 mílíọ̀nù. Kò sí ọ̀kan nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ọsibítù ń ṣe lójoojúmọ́ tó lè ya yaws sọ́tọ̀ kúrò lára sífílíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà fún màmá.

Ẹ má sì torí yaws ká ọwọ́ gbera o. Awọ àti egungun ni yaws máa ń jẹ, ojú tó ń ṣú àti ẹsẹ̀ tí kò gbé bàbá ò jọ ọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ojú yẹn wò, ó sì lè ní kí wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí VDRL bá mú un nínú omi yẹn, ó dájú. Bí kò bá mú un, kò tíì dájú pé kò sí, nítorí ó lè tó ìdajì àwọn tó ní i tó máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn èèyàn wa ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, mi ò sì bá wọn wí. Ní Tuskegee, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1932, ìjọba kó 399 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní sífílíìsì jọ, wọ́n ní "ẹ̀jẹ̀ burúkú" ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n fa omi ẹ̀yìn wọn, wọ́n pè é ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Pẹnisílíìnì dé, wọn ò fún wọn. 1972 ni àṣírí tú, 1997 ni Ààrẹ Clinton tó tọrọ àforíjì. Ti bàbá wa yàtọ̀, omi yẹn ni wọ́n á fi mọ irú abẹ́rẹ́ tí yóò gbà. Bí kò bá tíì kan ọpọlọ tàbí ojú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Bó bá ti kàn án, ọsibítù ni yóò sùn, inú iṣan ni wọ́n á máa gbà fún un fún ọjọ́ 10 sí 14. Kì í ṣe iṣẹ́ kẹ́mííìsì àdúgbò.

Ní ti màmá, sífílíìsì tó ti pẹ́ lára báyìí kì í sábàá ranni lórí ibùsùn mọ́, ṣùgbọ́n kí òun náà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ohun àtẹ̀yìnwá. Kí ọmọ wọn gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù ńlá l'Adó-Èkìtì, kó béèrè àyẹ̀wò méjèèjì, kó sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà VDRL sílẹ̀, bíi 1:4 tàbí 1:32. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á máa wò lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kì í ṣe pélébé onílà méjì yẹn.