Èèyàn Laṣọ Mi, Títí Dé Inú Ìfun

Èèyàn laṣọ mi. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹni tí kò ní ará, ìhòòhò ló wà. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Adawlato, ní Lomé níbí. Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ ọmọ ọwọ́ kan lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ra amoxicillin ẹyọ méjì lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri oògùn, ó tú u sínú ẹ̀kọ mímu, ó rọ ọ́ fún ọmọ.

Aṣọ ló bọ́ lára ọmọ yẹn. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló kún inú ìfun wa, àwọn náà sì laṣọ wa. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ní 2016 gbé wọn sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 lára àgbàlagbà kan. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n sì ń gba àyè mọ́ àrùn lọ́wọ́. Wàrà ọmú ìyá gan-an ní oríṣi ṣúgà kan tí ọmọ kò lè dà: oúnjẹ tiwọn ni. Amoxicillin ń pa kòkòrò, kì í sì bi wọ́n léèrè ta ni ọ̀rẹ́, ta ni ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, oògùn yìí kò sì ran fáírọ́ọ̀sì rárá.

Wọ́n á ní owó ilé ìwòsàn ti pọ̀ jù. ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kò wọ́n, òun àti zinc lọmọ náà nílò.

Ẹlòmíràn á ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Clostridioides difficile lè gbé inú ìfun ẹni láì ṣe é ní nǹkan kan, nítorí àwọn kòkòrò yòókù kò gbà fún un. Bí oògùn bá pa wọ́n, ó lè gbilẹ̀, ó sì lè pààyàn. Ní 2013, àwọn dókítà ní Netherlands kéde pé àwọn po ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá mọ́ omi, àwọn dà á sínú ìfun aláìsàn 16 tí àrùn yìí ń padà sí lára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é tí 13 fi gbádùn. Nínú 13 mìíràn tó gba oògùn vancomycin nìkan, 4 péré ló gbádùn.

Ní January 2020, Faure Gnassingbé, tó jẹ́ Ààrẹ Togo nígbà náà, gba àwọn olórí Áfíríkà mìíràn lálejò ní Lomé, wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i pé àwọn yóò gbógun ti ayédèrú oògùn. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ojúlówó amoxicillin tí wọ́n ń kiri ló ń ṣe ìbàjẹ́ tí mò ń wí yìí. Kí ìjọba dá ìkiri rẹ̀ dúró, kí ilé oògùn náà má sì tà á fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá.