Orin Kan Náà Lọ́dọọdún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orin Mèsáyà ṣe wọ inú mi. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa a gbé ìwé orin náà jáde, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Halelúyà tí ó wà nínú rẹ̀ ni a máa ń kọ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí a pa orin àtijọ́ yìí tì. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Handel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi London ṣe ilé, ni ó kọ Mèsáyà ní 1741, láàárín ọjọ́ 24 péré. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1742 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀, àwọn onígbèsè tí ó wà lẹ́wọ̀n àti àwọn aláìsàn ni wọ́n fi ràn lọ́wọ́. Láti 1750, wọ́n ń kọ ọ́ lọ́dọọdún ní London láti fi wá owó fún ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí a gbé jù. Nítorí náà, kì í ṣe àwa ni a dá àṣà yìí sílẹ̀. Láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ orin náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn alátakò ń rò ni pé orin àná ni à ń tún kọ lónìí. Mo bi wọ́n léèrè: nígbà tí a ṣe ọdún Lísàbí lésìí, ǹjẹ́ a sọ pé a kò ní ṣe é mọ́ lọ́dún yìí? Ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún kì í sú ni bí a bá ń rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ kọ Halelúyà, ohùn tèmi nìkan ni mo gbọ́. Ní ọdún kejì, mo gbọ́ àwọn tí ń kọ tẹ́nọ̀ lẹ́yìn mi. Ní ọdún kẹta ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ohùn kan a máa sáré, òmíràn a máa lé e, gbogbo wọn a sì pàdé níkẹyìn. Orin kan náà ni, ṣùgbọ́n etí mi ti là sí i.

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí ń kọ báàsì. Ẹ̀yìn ìwé orin wọn ni wọ́n máa ń kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sí lẹ́yìn Kérésìmesì. Nígbà tí wọ́n kú, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo kà níbẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, ohùn mi ti yí padà, n kò lè kọ ohùn òkè mọ́. Ojú ń tì mí, mo sì fẹ́ fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ọ̀gá akọrin wa pè mí, wọ́n fi ìwé bàbá àgbà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Àga wọn ṣófo, ọmọ mi. Lọ jókòó.” Mo rí i pé bàbá àgbà ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ó yẹ kí a ti mí. Ibẹ̀ ni èmi náà ti mí lọ́jọ́ Kérésìmesì yẹn. Ká ní a ti pa orin náà tì, ìwé yẹn ì bá ti di oúnjẹ ikán.

Àwọn mìíràn ní orin òyìnbó ni, àti pé àwọn ìyá wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohun tí à ń wí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní 1855. Ó fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ ní Yorùbá, ó sì kọ ju ogójì orin lọ sínú àwo ní London ní 1922. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í sọ ọkọ di ọkọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn orin tí a túmọ̀ sí ohùn òyìnbó ti máa ń ṣe. Kí a máa kọ wọ́n pẹ̀lú Mèsáyà lọ́jọ́ kan náà. Kí a sì máa ka ìtumọ̀ Halelúyà fún ìjọ kí a tó dìde kọ ọ́.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ìdánrawò yóò gba àkókò tí ọmọ ì bá fi kàwé. Ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni à ń lò. Ẹni tí ó bá lè ka sòlfá, tí ó sì lè dúró de ibi tirẹ̀ láìṣì í kà, ti kọ́ sùúrù àti àfiyèsí tí yóò wúlò fún un nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ní àkótán, kí a máa kọ Mèsáyà lọ́dọọdún, kí a fi orin ilẹ̀ wa kún un, kí a sì máa fi owó ọrẹ ọjọ́ náà san owó ìdánwò fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní, gẹ́gẹ́ bí Handel ti ṣe fún àwọn ọmọ tí a gbé jù. Mo ti kọ ọdún méjì tèmi sábẹ́ ti bàbá àgbà. Ó wù mí kí ojú ewé náà kún kí n tó fi ìwé náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.