Ta ló sọ pé òǹkà Yorùbá ló le jù?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì máa ń gbọ́ léraléra: "Yorùbá dùn, àmọ́ òǹkà rẹ̀ ti le jù." Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka mìíràn ń sọ ọ́, àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka Yorùbá pàápàá ń sọ ọ́. Ẹ̀sùn náà kì í yí padà: Yorùbá ń yọ kúrò níbi tó yẹ kó ti rò pọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ dé ogún ká tó yọ mẹ́rin, kí a tó rí 16? Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ló rọrùn, ká kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì kà á.

A ò gbà. Ẹ jẹ́ ká yẹ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ó rọrùn náà wò.

Lẹ́yìn "ten", "eleven" ló kàn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni pé ẹyọ kan ló ṣẹ́kù lẹ́yìn mẹ́wàá. "Twelve" ní méjì ló ṣẹ́kù. Kò sí ọmọ tó lè fi ojú rí èyí lára ọ̀rọ̀ náà lónìí. Tó bá dé "thirteen", ẹ̀ta ló ṣáájú, ẹ̀wá tẹ̀ lé e. Tó bá tún dé "twenty-three", ogún ló ṣáájú, ẹ̀ta ló wà lẹ́yìn. Ta ló bi Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé?

Ti àkókò tún wá yàtọ̀. "September" wá láti inú èje ti èdè Látìn, "October" láti inú ẹ̀jọ, "November" láti inú ẹ̀sán, "December" láti inú ẹ̀wá. Síbẹ̀, oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá ni wọ́n. Nígbà kan, oṣù Máàṣì ni ọdún àwọn ará Róòmù ń bẹ̀rẹ̀. Ètò yí padà, orúkọ ò yí padà. "Noon" tí wọ́n ń pe ọ̀sán gangan wá láti inú wákàtí kẹsàn-án ọjọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. "Biweekly" ńkọ́? Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá pèpàdé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣàlàyé.

Àyọkúrò tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bú Yorùbá gan-an, ó wà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́. Kí ni "ten to six", bí kì í bá ṣe mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Kí ni "quarter to seven"? Èdè Látìn tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún ń pe 18 ní méjì dín lógún, ó ń pe 19 ní ọ̀kan dín lógún, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, ń fi Faransé kọ́ ìwé. Ní Faransé, ogún mẹ́rin ni 80. Ọgọ́rin wa náà nìyẹn: ogún lọ́nà mẹ́rin. Nígbà tó jẹ́ Faransé, wọ́n pè é ní ọ̀làjú. Nígbà tó jẹ́ Yorùbá, ó di wàhálà.

Kì í ṣe pé òǹkà wa le ló fà á. A ò fi ṣe nǹkan kan mọ́ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè pe 45 ní Yorùbá ló ń pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà láìronú. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló díjú jù: igba lọ́nà mẹ́ta, ká wá yọ ọgọ́rùn-ún. Owó ń jẹ́ ká pè é lójoojúmọ́, ló bá rọrùn. Tí a bá ń pe aárùndínláàádọ́ta bẹ́ẹ̀, òun náà á rọrùn.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ìṣirò lọ. Bí òǹkà bá ṣe ń lọ ni àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ń bá a lọ. Ọmọ tí kò mọ ẹẹ́tàdínlógún kò lè mọ ohun tí ìyá àgbà ń sọ tí wọ́n bá ní ìtàdógún ni àwọn ń ṣèpàdé. Kò ní mọ̀ pé ọjọ́ ìpàdé tó kọjá àti ti èyí tó ń bọ̀ ni wọ́n jọ kà pọ̀. Ìjẹta, ọ̀túnla àti ìdúnta náà ti ń dàwátì lẹ́nu àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn gígùn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun tí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

Ẹ wo ìlú Cuba. Àwọn baba ńlá wọn rékọjá òkun nínú ẹrú, Sípáníìṣì ni wọ́n sì ń sọ láti ìran dé ìran. Síbẹ̀, "diloggún" ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ ṣì ń pe owó ẹyọ tí wọ́n fi ń dá ẹẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó le jù yìí ni kò sọnù sójú òkun. Ṣé Ìbàdàn ni yóò wá sọnù sí?

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ òǹkà Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ láyé òde òní nílò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè kan sì ti dábàá pé ká gbé òǹkà Yorùbá ka orí mẹ́wàá mẹ́wàá nítorí ìṣirò ńláńlá. A lè jókòó sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣirò nínú èdè abínibí kò pa ọmọ lára. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a ń bẹ̀ wá kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa fi Yorùbá ka nọ́ńbà fóònù: òdo, ẹ̀jọ, òdo, ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ló gbà, kò sì sí àyọkúrò kankan níbẹ̀. Tí ẹ bá ń kéde ìpàdé lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ́ pé agogo mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń tọ́mọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ẹẹ́rìndínlógún lẹ́nu yín kó tó gbọ́ pé ó le.