Ta Ni Ó Sọ Pé Aládìrẹ Kì Í Ṣe Ayàwòrán?

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé kò sí àwòrán kíkùn láàárín Yorùbá kí Aina Onabolu tó dé. Wọ́n ní aṣọ lásán ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àti pé àtúnyà ohun kan náà ni ó wà lára rẹ̀. Lóòótọ́, akin ni Onabolu (1882–1963). Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ọ̀nà kọ́ ni ó dá ilẹ̀.

Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ jókòó ti aládìrẹ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn. Ìyẹ́ adìẹ ni ó fi ń ya ẹyẹ. Ẹ̀kọ láfún ni ó fi ń ya ewé ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀gẹ́ kan náà ni láfún ti wá. Ewé èlú àti omi eérú ni ó fi ṣe aró. Bí aṣọ bá sì ti inú ìkòkò aró jáde, bí ewé tútù ni ó ń rí. Àfìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni ó tó dúdú. Igi, ewé, iná, omi àti atẹ́gùn ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ya àwòrán kan. Ọ̀dà inú agolo wo ni ó mọ irú àjọṣe yìí?

Wọ́n ní àtúnyà ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ìjàpá, ẹ wo èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹ wo iṣan ara ewé: ìlà kan ń bí ìlà mìíràn, kò sì sí èyí tí ó dá dúró. Àṣírí yìí ni aládìrẹ rí tí ó fi pín aṣọ Olókun sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Nínú Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó pàápàá di ara ọnà náà.

Àbùkù ni bí olùkọ́ lọ́la bá mọ àwọn ayàwòrán Ítálì, tí kò sì lè dárúkọ ọnà mẹ́ta lára ìró ìyá rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ń tẹ ayédèrú àdìrẹ ní àìmọye ọ̀pá, àwọn àgbà tí wọ́n mọ orúkọ ọnà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹ̀ka Yorùbá ni láti kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìyẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá, tí ọmọ kò sì mú un, ẹ̀rọ kò ní mọ ohun tí ẹyẹ inú aṣọ ń wí.