Ẹ Má Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Ọyẹ́

Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọlé ní oṣù kọkànlá, kò sí ìyá ọlọ́mọ kan ní Wuye, ní Àbújá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ohun tó máa ṣe. Súwẹ́tà á jáde, ìbọ̀sẹ̀ á jáde, wọ́n á fi òrí ra ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀. A ò bá wọn wí. Ọyẹ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀: eruku rẹ̀ ń dá ọ̀nà ọ̀fun lóró, ìgbà ẹ̀rùn náà sì ni èéyí àti àrùn yírùnyírùn máa ń jà jù.

Àmọ́ ẹ wo ìgbà òjò. Oṣù kẹjọ dé, òjò ń rọ̀ ṣáá, ọmọ oṣù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́, a ní òtútù ló mú un. A ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì àdúgbò, ó parí. Bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀, oògùn apakòkòrò kò sì ran fáírọ́ọ̀sì rárá.

Ìdájọ́ wa ni pé ìgbà òjò ló yẹ kí ojú wa là jù lórí ọmọ ọwọ́.

Fáírọ́ọ̀sì tí àwọn dókítà ń pè ní RSV ni olórí ọ̀ràn náà. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le, ọ̀fìnkìn lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà atẹ́gùn inú àyà ọmọ oṣù méjì tín-ín-rín, ikun díẹ̀ ti tó láti dí i. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣírò rẹ̀ pé ó pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó 101,400 káàkiri ayé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó bíi tiwa ló sì sin èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ìlú òyìnbó, ìgbà òtútù ló máa ń jà. Ní Gambia àti Senegal, tí òjò àti ẹ̀rùn ti pín ọdún bíi ti Àbújá, inú òjò ló ti ń jà.

Kì í ṣe omi òjò ló ń kó o bá ọmọ o. Ara ènìyàn ni fáírọ́ọ̀sì ti ń bọ̀, òjò kàn ń kó wa jọ sójú kan ni. Ẹ wọ ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní ọjọ́ òjò: fèrèsé tì pa, ọmọ pọ̀ lórí ẹní kan, olùtọ́jú sì ń fi aṣọ kan ṣoṣo nu imú gbogbo wọn. Oṣù kẹsàn-án tí òjò le jù náà ni ilé ìwé ń wọlé.

Kí ìyá ká aṣọ ọmọ sókè nígbà tó bá dákẹ́, kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Tí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó ìgbà 60, tí ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá bá mí tó 50, tí ẹni tó ti pé ọdún kan bá mí tó 40, kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọnú, tàbí kò lè mu ọmú mọ́, kí ó má dúró di òwúrọ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV fún aláboyún ti wà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ 2023, àjọ WHO náà sì ti ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa lò ó, tàbí abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n ń gún fún ọmọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án sí oṣù kìíní ni Amẹ́ríkà ń gún un, nítorí òtútù tiwọn. Bí a bá gbé kàlẹ́ńdà yẹn wá sí Wuye bó ṣe wà, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, tí yóò bá òjò oṣù kẹjọ pàdé gan-an, kò ní rí nǹkan kan gbà lára ìyá rẹ̀. Àṣìṣe tí a lè yẹra fún láti ìsinsìnyí nìyẹn.

Jabi ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, wà, kò jìnnà sí Wuye. Wọ́n ń gbé iye aláìsàn ibà Lassa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ikọ́ àwọn ọmọ ọwọ́, ní oṣù dé oṣù, kí ìjọba FCT lè kó ọ́síjìn sí ilé ìwòsàn kí oṣù kẹfà tó pé. Ní ti abẹ́rẹ́ aláboyún, ọjọ́ tí ó bá wọ Nàìjíríà, kí wọ́n máa gún un yípo ọdún.