Ó gba 82 nínú kọ̀ǹpútà, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí

1. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní JSS 2. Ó gba 82 nínú kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn, mo gbé laptop mi fún un: "Tẹ orúkọ ẹ síbí, kó o fi pamọ́." Ẹ gbà mí! Lẹ́tà A gan-an, ó pẹ́ kó tó rí i.

2. Mo wo ìwé ìdánwò ẹ̀. "Kí ni kọ̀ǹpútà? Ya máòsì." Ó sì yà á dáadáa o! Kò kàn di ọ̀kan mú rí ni.

3. Mi ò bá tíṣà jà. Kọ̀ǹpútà mélòó ló wà níbẹ̀? Iná ńkọ́? Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ rí?

4. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe UTME. Ọmọ tó mọ ìdáhùn àmọ́ tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò, àkókò lè tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

5. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí ẹ̀: kọ ìpínrọ̀ kan, fi pamọ́, tún un ṣí. Ohun tó bá ṣe ni kẹ́ ẹ fún ní máàkì. Tí kò bá sí rárá, ẹ fi ìròyìn WhatsApp kan hàn wọ́n, kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá irọ́ ni.

6. Gbogbo Sátidé ni èmi àti àbúrò mi ń jókòó ti laptop báyìí. Ẹ̀yin náà, ẹ má wo máàkì nìkan. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ.