Iṣan Tí Ó Fà Tí Kò Dẹ̀ Mọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá àgbà kan dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ni ó máa ń di ọmọ ìkókó lẹ́nu tí kò fi ní lè mu ọmú mọ́, tí gbogbo ara rẹ̀ á le gbagidi bí igi?" A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun màmá. Ó ti sin ọmọ-ọmọ kan rí, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Àwa kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n a ṣe ìlérí pé a ó wádìí, a ó sì dáhùn ní ojú ewé yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣan jẹ́. Èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ tó níhìn-ín, nítorí iṣan ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà sì ni okùn líle tí ó so ẹran mọ́ egungun. Èyí tí a ń sọ lónìí ni ẹran ara gan-an, irú èyí tí alápatà ń gé fún wa. Mẹ́ta ni irú rẹ̀. Èkíní rọ̀ mọ́ egungun. Ó lé ní 600 nínú ara, ó sì ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu: bí a bá ní kí apá gbé ọkọ́, á gbé e. Èkejì ni ti ọkàn, tí ń lù ní bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta wà nínú ìfun, nínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti nínú ilé ọmọ. Ẹ̀yin ìyá mọ èyí jù wá lọ: ta ni ó lè sọ fún ilé ọmọ tí ó ń rọbí pé kí ó dúró di ọ̀la?

Iṣan kò mọ̀ ju kí ó fà lọ; kò lè ti nǹkan. Bí a bá ká apá, iṣan iwájú ni ó fà, ti ẹ̀yìn á sì dẹ̀. Bí a bá nà án, ti ẹ̀yìn á fà, ti iwájú á dẹ̀. Ní ọdún 1954, Andrew Huxley àti Hugh Huxley, tí wọn kì í ṣe ìbátan ara wọn, pẹ̀lú àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́, ṣàlàyé bí ó ti ń fà. Fọ́nrán nínípọn àti fọ́nrán tín-ínrín ni ó tò sínú iṣan, wọ́n sì ń yọ́ wọnú ara wọn. Ẹ wo ẹni tí ń fa omi nínú kànga: ọwọ́ á di okùn mú, á fà á, á tú u sílẹ̀, á tún di í mú níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán nínípọn ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọwọ́ kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ dé, kálísíọ̀mù á tú jáde nínú iṣan, àwọn ọwọ́ á sì dì í mú. Bí iṣẹ́ náà bá dáwọ́ dúró, kálísíọ̀mù á padà sí ààyè rẹ̀, iṣan á dẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé títú sílẹ̀ náà ń gba agbára. Àwọn àgbà tí ń wẹ òkú mọ èyí láìkàwé. Kíá ni wọ́n ń pa ojú rẹ̀ dé, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ yóò le. Agbára ti tán, ọwọ́ ti di okùn mú, kò sì sí ohun tí yóò fi tú u. Ó di ìgbà tí fọ́nrán bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, lẹ́yìn bí ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ara tó tún rọ̀.

Ti ọmọ ìkókó yàtọ̀. Agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ìjánu ni ó já. Àrùn ipá ni, tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kì í ṣe wárápá, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé gẹ́gẹ́ bí màmá ti rò. Kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń fà á, tí ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ màlúù. Bí ó bá wọ ojú ọgbẹ́, á tu oró, oró náà á gba àwọn okùn tín-ínrín tí ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ lọ dé mùdùnmúdùn inú egungun ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìjánu wà tí ń sọ fún iṣan pé, "Ó tó, dẹ̀." Oró yìí ń pa ìjánu náà lẹ́nu mọ́. Iwájú fà, ẹ̀yìn fà, kò sí èyí tí ó dẹ̀. Àgbọ̀n ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrún. Irú iṣan kìíní ni ó mú bẹ́ẹ̀. Ọkàn ọmọ ṣì ń lù, ìfun rẹ̀ ṣì lè lọ oúnjẹ, ebi sì ń pa á, ṣùgbọ́n ẹnu kò ṣí. Ó ṣeni láàánú pé irú kìíní náà ni iṣan tí a fi ń mí.

Ìwọ́ ni ó sábà máa ń gbà wọlé sára ìkókó: abẹ tí kò mọ́, okùn tí a mú nílẹ̀, eérú tàbí ìgbẹ́ màlúù tí a fi sí i kí ó lè tètè gbẹ. Ọmọ á mu ọmú dáadáa fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àìsàn á wá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹrìnlá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í rántí abẹ mọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi.

Nínú àwọn ọdún 1920 ni Gaston Ramon, ará Faransé, fi ọ̀nà hàn láti sọ oró yìí di àjẹsára. Abẹ́rẹ́ tí a bá fún ìyá ń dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀. Bí aboyún kò bá gbà á rí, kí ó gba méjì, kí èkejì jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ó sì ṣíwájú ìbímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá pé márùn-ún ní àkókò tí ó yẹ, ó tó o fún gbogbo ìgbà ọmọ bíbí rẹ̀. Ọmọ náà yóò gba tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Ọkùnrin kì í lóyún, nítorí náà kò sí ẹni tí ń pè é sí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ń fi ẹsẹ̀ lásán kọ ebè, ọkọ́ ń ṣá a, ìṣó ń gún un. Ọgbẹ́ tí ó jìn tí ẹnu rẹ̀ kéré ni kòkòrò yìí fẹ́ràn jù. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó ti ṣe àìsàn náà tí orí kó o yọ, kí òun náà lọ gba abẹ́rẹ́, nítorí ipá kì í dà bí èèyi: ó lè padà wá mú ẹni tí ó ti mú rí.